Ìtọ́sọ́nà: Bí ẹ ṣe lè dáàbò bo tiransifọ́mà àdúgbò, sólà, kámẹ́rà àti Wi-Fi yín ní Àkúrẹ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, èèyàn mẹ́ta ló pè mí lórí ọ̀rọ̀ tó jọra. Ẹni àkọ́kọ́ ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé, wọ́n ti gé wáyà tiransifọ́mà àdúgbò wọn mọ́jú. Ẹnì kejì wà ní Ìjàpọ̀, kámẹ́rà inú ọgbà rẹ̀ ń yí orí kiri lóru, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fóònù nínú ilé. Ẹnì kẹta ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ọdà. Ọmọkùnrin tó bá a fi sólà sí i lọ́dún méjì sẹ́yìn ló pè é pé, "Mọ̀mí, mo rí i pé bátìrì yín ti ń rẹ̀ o." Oore ni ọmọ náà rò pé òun ń ṣe. Ohun tí ìyá yẹn bi mí ni pé, "Báwo ló ṣe mọ̀?"

Iṣẹ́ mi ni fífi kámẹ́rà àti ínfátà sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ojú mi ti rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé olè tó fo fẹ́ǹsì àti olè tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà máa ń bá ní ṣíṣí: kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ẹnì kan, onílé ò sì mọ̀. Torí náà mi ò ní ya àgádágodo sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, ẹ má sì fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ní

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù nìkan, torí fóònù gan-an wà lára ohun tí wọ́n lè jí. Ẹ rìn yí ilé ká láti géètì dé òrùlé, kí ẹ kọ nípa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tó ń gbé iná:

1. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́mbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ó sábà máa ń wà lẹ́yìn tàbí ní ìdí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú. Ti fóònù, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ sì kọ nọ́mbà gígùn tó bá jáde.
2. Ta ló fi í síbẹ̀, ìgbà wo sì ni?
3. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibi tó wà? Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀?
4. Bó bá kú lónìí, kí ló máa dẹnu kọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?

Ìbéèrè kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè dáhùn. "Bọ̀dá tó bá wa ṣe é ló mọ̀ ọ́n" ni wọ́n máa ń wí. Níbikíbi tí ìdáhùn yín bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. A máa padà síbẹ̀.

## Tiransifọ́mà àdúgbò

Ìkìlọ̀ kí a tó sọ nǹkan mìíràn: iná tó ń wọ inú ọ̀pọ̀ tiransifọ́mà àdúgbò tó fóòtì 11,000. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà rẹ̀ àfi òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná. Ẹ má sọ pé "iná ò kúkú sí." Iná lè dé nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ ilé kan tí wọn ò so dáadáa sì lè máa ti iná padà sẹ́yìn gba ojú wáyà.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé olè máa ń bẹ̀rù tiransifọ́mà. Ó ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí iná bá wà ni. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tí gbogbo òpópónà ṣókùnkùn, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ń bo gbogbo ìró mọ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá. Kọ́pà ni wọ́n ń wá, nígbà mìíràn òróró inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa. A ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láìrí iná. Nígbà tó máa dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, gbogbo ọmọdé pariwo "Ọ̀pẹ́ o!" Ṣùgbọ́n gílóòbù iwájú ilé ìyá àgbà tó kọjú sí wa mọ́lẹ̀ rekete bí iná ọkọ̀ àjàgbé, ó dún pò, ó fọ́. Tiwa ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fíríìjì mẹ́rin ti jóná láàárín ilé mẹ́fà. Wáyà kan ṣoṣo ni olè gé lóru, èyí tí àwọn oníná ń pè ní niútírà, tí iná ń gbà padà sí tiransifọ́mà. Bí kò bá ti sí, iná tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n fóòtì 230 lè fò kọjá 300 nínú ilé kan, kó sì wálẹ̀ di ìdajì nínú òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ààbò kọ̀ǹpútà wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tiransifọ́mà tó wà ní ìkángun òpópónà.

Ohun tí ẹgbẹ́ onílé lè ṣe, bó ṣe yẹ kó tò:

1. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun yí i ká, kódà bó jẹ́ owó àdúgbò lẹ fi rà á. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí fẹ́ǹsì ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n bá fọwọ́ sí.
2. Fẹ́ǹsì, ìlẹ̀kùn irin, àgádágodo. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Bí alága tàbí akọ̀wé bá yí padà, ẹ yí àgádágodo náà padà.
3. Iná sólà lórí òpó tirẹ̀, níta fẹ́ǹsì, níbi tó ga tí ọwọ́ kò lè tó. Ẹ má gbé e kọ́ sára òpó iná tàbí sára tiransifọ́mà.
4. Ẹ mú àyíká rẹ̀ mọ́. Igbó tó bo fẹ́ǹsì ló ń fi olè pa mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sun pàǹtí tàbí kí wọ́n gbé ààrò bọ̀ọ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíràn nìyẹn, ẹ bá wọn wá ibòmíràn pẹ̀lú sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kúrò. Ẹ̀ka igi tó bá sún mọ́ wáyà, ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ pè láti gé e.
5. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí iná bá lọ ni kí ìṣọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọdẹ àdúgbò máa kọ wákàtí tó gba ibẹ̀ kọjá sílẹ̀. Èèyàn méjìméjì ni kí ẹ máa rìn, pẹ̀lú fèrè àti tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ fọn fèrè, ẹ pe èèyàn, ẹ má lọ dì mọ́ wọn.
6. Ẹ lọ gba nọ́mbà fúnra yín ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní ọ́fíìsì Amọ̀tẹ́kùn àti ti Sífù Dìfẹ́ǹsì tó sún mọ́ yín jù. Òfin ti gbé ìṣọ́ irú dúkìá yìí lé Sífù Dìfẹ́ǹsì lọ́wọ́, ẹ má rò pé ẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu.

### Olè ojúmọmọ

Ọ̀sán ni àwọn mìíràn ń wá. Wọ́n á wọ aṣọ tó ń dán, wọ́n á gbé àkàbà, wọ́n á kí ẹ̀yin àgbà dáadáa, wọ́n á ní àwọn wá ṣàtúnṣe. Ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: káàdì ìdánimọ̀, ìwé iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, àti orúkọ ọ̀gá tó rán wọn. Ẹ wá pe ọ́fíìsì pẹ̀lú nọ́mbà tó wà lórí ìwé owó iná yín. Nọ́mbà tí àwọn fúnra wọn bá fún yín kò wúlò. Ẹ ya nọ́mbà ọkọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ gidi ò ní bínú, torí òun náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgboro.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún àwọn tó bá ní àwọn wá tún òpó fóònù ṣe. Bátìrì àti dísù ibẹ̀ ni olè ń kó, bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo àdúgbò lè lọ. Láti ọdún 2024 ni àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kan ti ka irú ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ yìí mọ́ ohun ìní tó ṣe kókó fún orílẹ̀-èdè. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10 láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Ẹ fi èyí létí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ kòtò fún páìpù omi tàbí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì lẹ́bàá títì: wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ṣọ́bìrì bá kan páìpù rọ́bà tàbí téèpù ìkìlọ̀, ẹ dúró, ẹ béèrè.

## Iná nínú ilé

Bí ẹ bá rí i pé gílóòbù mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lójijì, tàbí fáànù ń sáré àsápajúdé:

1. Ẹ pa méènì. Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ yọ tẹlifíṣọ̀n.
2. Ẹ pariwo sí àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa tiwọn.
3. Ẹ pe ilé iṣẹ́ iná, kí ẹ sì ní kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó tan án padà.

Ti ààrá: ní àsìkò òjò, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní SPD sí inú àpótí iná yín, kó sì fi òmíràn sí ojú wáyà tó ń bọ̀ láti pánẹ́ẹ̀lì sólà. Ẹ̀rọ yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí áàtì tó dára (wáyà tó so iná ilé mọ́ ilẹ̀), torí inú ilẹ̀ ló ń da iná ààrá sí. Ẹ ní kó fi mítà wọn áàtì náà níwájú yín. Óòmù 5 tàbí kó dín ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lé. Bí kò bá ní mítà tó lè wọ̀n ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí owó SPD ò bá tíì sí, ẹ máa yọ ráútà àti tẹlifíṣọ̀n kúrò lójú iná bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kí ẹ sì yọ wáyà eriali pẹ̀lú. Ààrá ń gba ojú wáyà eriali wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé èyí.

## Sólà, bátìrì àti kámẹ́rà: ibi tí ẹ fi í sí

Ọdún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ mi, mo fi kámẹ́rà mẹ́rin sí i. Àwọn olè wọlé láti òrùlé. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀, kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára ògiri, iná pupa wọn ń ṣẹ́jú. Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀, tí mo gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n gbé lọ. Gbogbo ẹ̀rí tí mo ní wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Àpótí àwòrán ń wọ inú yàrá mìíràn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo àti ihò atẹ́gùn. Ó sàn kó wà nínú àjà ju kó wà ní pálọ̀.
2. Ó kéré tán, kámẹ́rà géètì gbọ́dọ̀ ní káàdì ìrántí tirẹ̀, tàbí kó máa fi àwòrán ránṣẹ́ síta ilé. Bí wọ́n bá gbé àpótí, ẹ̀rí kan á ṣẹ́ kù.
3. Gbogbo kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí ẹni tó dúró lórí bẹ́ńṣì lè nawọ́ dé. Kí kámẹ́rà kan sì máa wo òmíràn.
4. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá jáde síta fẹ́ǹsì: ẹ fi páìpù bò ó, kí ẹ sì fi àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ bo ibi tó ti so mọ́ kámẹ́rà. Ẹni tó bá yọ wáyà yẹn lẹ́yìn kámẹ́rà, tó sì fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ rọ́pò, ti wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín láìfo fẹ́ǹsì.
5. Bátìrì ń wọ inú kéèjì irin tí wọ́n fi bọ́ọ̀tù dì mọ́ ilẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má fi sí yàrá tí èèyàn ń sùn.
6. Pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé: ẹ ní kí wọ́n lo bọ́ọ̀tù tí sípánà lásán ò lè tú. Ẹ fi ọ̀dà tí kò ṣeé fọ̀ kọ orúkọ ilé yín sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e gòkè. Èyí tó ní orúkọ lára ṣòro láti tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò bátìrì tuntun sí ìpàdé WhatsApp àdúgbò. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nílé.

## Ráútà àti Wi-Fi

1. Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi náà, ẹ ṣí bíráúsà, kí ẹ tẹ nọ́mbà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1.
2. Ọ̀rọ̀ aṣínà méjì ló wà, ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀kan ni ti Wi-Fi, èyí tí àlejò ń béèrè. Èkejì ni ti ráútà fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọlé yìí. Ẹ yí méjèèjì padà. Bí èkejì bá ṣì jẹ́ "admin", ó dà bí ẹni ti géètì tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.
3. Níbi ààbò Wi-Fi, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3. Kó má ṣe jẹ́ WEP, kó má sì wà ní "open".
4. Ẹ wá WPS, UPnP àti "remote management", àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹlòmíràn lè gbà wọlé, kí ẹ sì pa gbogbo wọn.
5. Ẹ ṣí Wi-Fi kejì, èyí tí ráútà ń pè ní "guest". Òun ni kí kámẹ́rà, ínfátà, tẹlifíṣọ̀n àti àwọn àlejò máa lò. Fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe báǹkì á wà lórí àkọ́kọ́. Bí olè bá gba inú kámẹ́rà wọlé, kò ní rí ọ̀nà dé ibi tí owó wà.
6. Ẹ wá "update" tàbí "firmware", kí ẹ gba èyí tuntun. Ẹ ṣe é nígbà tí iná dúró tàbí lórí ínfátà, torí bí iná bá já láàárín rẹ̀, ráútà lè kú pátápátá.
7. Ẹ gbé ráútà kúrò lórí tábìlì pálọ̀. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá ti fọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe dànù.

Àṣìṣe tí wọ́n ń pè mí fún jù: "Ínfátà mi ò rí Wi-Fi mọ́." Ọ̀pọ̀ ínfátà àti kámẹ́rà kì í rí Wi-Fi 5GHz. Ẹ rí i dájú pé Wi-Fi kejì náà wà lórí 2.4GHz.

Ọ̀rọ̀ aṣínà tó dára: ẹ mú ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tí kò bára tan, kí ẹ fi nọ́mbà há a láàárín. Kó ní lẹ́tà 12 ó kéré tán. Ẹ má lo òwe tí gbogbo ayé mọ̀, orúkọ ọmọ, tàbí ọdún ìbí. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn àti láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Oníbàárà mi kan, olùkọ́ èdè Yorùbá, fi gbogbo àmì sí tirẹ̀ dáadáa, ráútà gbà á, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àti ínfátà kò ní bọ́tìnì tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ méjì la fi wá ojútùú.

## Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó fi í sí i

Ẹ ṣí ìwé yín, ẹ wo àwọn ibi tí ẹ fàlà pupa sí. Bí ẹ ò bá lè ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ ṣe èyí.

Bí a bá fi ínfátà tàbí kámẹ́rà sílé yín, a máa ń fi orúkọ sílẹ̀ lórí áàpù rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ímeèlì àwa oníṣẹ́ la fi ń ṣe é, torí pé ó yá jù. Ẹni tó ni ímeèlì yẹn ló ni ẹ̀rọ náà lójú áàpù. Ó lè wo inú ilé yín. Ó lè yí ìwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, kí bátìrì sì bàjẹ́ láìpé ọjọ́. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Fún ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni mo ń fi sí ilé gbogbo oníbàárà kí n má bàa gbàgbé. Lọ́jọ́ kan mo sọ fóònù mi nù nínú tasí láti Ọjà Ọba sí Ìlẹ́ṣà Garage. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán ni mo rántí pé kámẹ́rà ilé tó lé ní ogún wà nínú rẹ̀, ti yàrá àwọn ọmọ kan pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń lọ láti ilé dé ilé, tí mò ń tọrọ àforíjì, tí mò ń yí wọn padà níkọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí dòní, torí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi.

1. Ẹ ṣí ímeèlì tuntun fún ẹ̀rọ ilé nìkan, kí ẹ sì fi ìjẹ́rìí onípele méjì sí i, kí ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà má lè wọlé láìsí fóònù yín.
2. Ẹ pe oníṣẹ́ náà. Ẹ lè sọ fún un pé: "Bọ̀dá, ẹ ṣé iṣẹ́ tí ẹ bá wa ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ínfátà yìí sórí ímeèlì tiwa, ẹ jẹ́ ká jọ yọ tiyín kúrò." Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ dúró tì í títí ẹ ó fi rí i pé orúkọ rẹ̀ ti kúrò.
3. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó máa bá yín wò ó, ẹ fún un ní àyè ẹni tó ń wò nìkan, kó má lè yí nǹkan padà.
4. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà àpótí àwòrán àti ti kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan padà. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́. Lọ́dún 2016, kòkòrò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai fi àkójọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ju bíi 60 lọ wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé, ó sì fi wọ́n kọ lu ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn onílé ò mọ̀.
5. Ẹ bi í bóyá ó ṣí "port forwarding" lórí ráútà. Bó bá ṣí i, ẹ ní kó tì í, torí ẹnikẹ́ni níbikíbi lè gba ibẹ̀ kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà yín.
6. Kámẹ́rà inú yàrá ìsùn àti ti ọmọdé: ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ yọ wọ́n. Bí ẹ bá ní dandan ni, ẹ máa yọ wọ́n lójú iná nígbà tí ẹ bá wà nílé.

## Ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́

Lóṣù December 2015, àwọn ọ̀daràn pa iná fún bíi 230,000 oníbàárà ní Ukraine. Ìwé tí wọ́n so mọ́ ímeèlì, tí òṣìṣẹ́ ṣí, ni wọ́n gbà wọlé sí àwọn ilé iṣẹ́ iná náà ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ohun kan náà ló lè pa ilé ìwòsàn kékeré ní Àlàgbàká.

- Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta àkọsílẹ̀ yín, lórí ohun ìpamọ́ irú méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn tí kò so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ dán an wò lóṣooṣù, kí ẹ ṣí fáìlì kan láti inú rẹ̀.
- Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá kúrò níṣẹ́ ni kí ẹ pa tirẹ̀ rẹ́, kó tó dé géètì.
- Kò sí fíláàṣì tí wọ́n rí nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà.
- Bí àkọsílẹ̀ aláìsàn tàbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá jáde, tó sì lè pa wọ́n lára, òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni ní kí ẹ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72.

## Bí owó ò bá tó

Ìwé àti ọ̀rọ̀ aṣínà kò ná yín ju owó ìwé lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àgádágodo tó dára. Lẹ́yìn rẹ̀, iná sólà iwájú ilé. Lẹ́yìn rẹ̀, áàtì àti SPD. Kámẹ́rà ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mò ń tà. Kámẹ́rà ń sọ ẹni tó jí i fún yín, àgádágodo ni kò ní jẹ́ kó jí i.

## Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Olè gidi wọlé, tàbí wọ́n gé wáyà:

1. Ẹ má wọlé bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá wọ́n ti lọ. Ẹ tẹ 112 tàbí nọ́mbà tí ẹ gbà ní àgọ́ ọlọ́pàá.
2. Wáyà tó já sílẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.
3. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbá ilẹ̀.
4. Ẹ gbé ìwé yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́mbà ìdánimọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹnì kan wà nínú kámẹ́rà, ráútà tàbí kọ̀ǹpútà:

1. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ má pa iná rẹ̀, torí ẹ̀rí kan wà nínú rẹ̀ tó máa parẹ́.
2. Ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ rí lójú rẹ̀.
3. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì, lẹ́yìn náà ti báǹkì, lẹ́yìn náà ti áàpù ẹ̀rọ náà. Ímeèlì ló ṣíwájú, torí òun ni wọ́n fi ń gba àwọn yòókù.
4. Bí síìmù yín bá kú lójijì láìnídìí (olè lè ti gbé nọ́mbà yín sórí síìmù tirẹ̀), ẹ yá fóònù ẹlòmíràn pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì síìmù. Bí ilé iṣẹ́ síìmù ò bá dá yín lóhùn, ẹ fẹjọ́ sùn ní 622, nọ́mbà àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ síìmù, kò gba owó.
5. Ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́: ẹ fi tó ngCERT létí, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní 2024 fún yín ní wákàtí 72.
6. Ráútà tàbí kámẹ́rà tí wọ́n ti wọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, ẹ gba "update", ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun sí i, kí ẹ tó dá a padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.
7. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ òṣìṣẹ́ tó gba ẹjọ́ yín sẹ́yìn ìwé kékeré yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà ẹ̀rọ náà.